Ibi tí ọ̀rá ń kán sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀dọ̀ ìyá ìbejì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà Ìlọrin, ni ìbéèrè yìí ti wá. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa méje là ń jẹun nílé wa. Ọkọ mi ń sin ẹja àrọ̀ díẹ̀ nínú pọ́ǹdù tàpólì lẹ́yìnkùlé. Tá a bá kó wọn, à ń ta ọ̀pọ̀ láàyè, mo sì fẹ́ máa yan ìyókù sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ó wù mí kí n máa yan adìyẹ àti tọlọtọlọ náà lásìkò ọdún. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston ti lóun máa fi ẹ̀rọ ìyanran kan tó ń lo iná mànàmáná ránṣẹ́ nínú ẹrù tó ń bọ̀. Jórinjórin kan ní Tákìé ní kí n wá àgbá kan wá, òun á là á fún mi. Ẹlòmíì tún fi kíìnì kan, ìyẹn ààrò onírin tí wọ́n fi ń yan ẹja, hàn mí tó ń dán gbinrin, ó ní àádọ́ta kílò ló ń gbà. Èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé mo sì lè gbé e sínú ilé ìdáná nígbà òjò?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àbójútó ilé. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè yára pa èèyàn. Ẹ má gbé e wọ ilé ìdáná o, ì báà jẹ́ pé fèrèsé mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ kan náà tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n lọ sùn. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta èèyàn lójú bí èéfín igi. Kódà èédú tó ti pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín kankan mọ́, ń tú u jáde síbẹ̀. Ẹ ra páánù mẹ́ta, kí káfíńtà kàn án lé òpó mẹ́rin lẹ́yìnkùlé, kó jìnnà sí fèrèsé yàrá. Òjò ò ní pa iná yín, ẹ̀yin náà á sì sùn kẹ́ ẹ jí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní, yan, fún iṣẹ́ méjì tí kò jọra. Ọ̀kan ni yíyan jẹ: adìyẹ ọdún, itan tọlọtọlọ, ẹja tá a ó jẹ lálẹ́ òní. Ìyẹn ń fẹ́ ooru tó tó 110 sí 130 dígírì Celsius, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin fún odindi adìyẹ, omi ara rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Èkejì ni yíyan pamọ́: ẹja tá a ó kó sínú apẹ̀rẹ̀ tá a ó máa mú sọbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí oṣù á fi yí po. Omi gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹja yẹn.

Omi náà sì pọ̀. Ẹja àrọ̀ tútù, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ omi ni. Tí ẹ bá gbé kílò mẹ́wàá, tí ẹ kó ìfun rẹ̀ dànù, tí ẹ yan án títí tó fi gbẹ koko, kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lẹ ó kó jáde. Ìyókù ti di ooru omi, ó ti lọ. Omi yẹn gbọ́dọ̀ rójú ọ̀nà jáde nínú àpótí, díẹ̀díẹ̀, fún bí ọ̀sán kan àti òru kan. Àpótí tó dé pa dé bi pé adìyẹ inú rẹ̀ ń lómi lára kò lè mú kí ẹja gbẹ. Èyí tó láfẹ́fẹ́ tó láti gbẹ ẹja, á sọ adìyẹ yín di igi bí ẹ kò bá lè dín ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Nínú ohun tí ẹ kọ yìí, yíyan pamọ́ ni iṣẹ́ yín, yíyan jẹ kàn jẹ́ ti ọdún-dé-ọdún. Nítorí náà, ẹ ra èyí tó ń gbẹ ẹja, kí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ṣeé tì.

Ẹ jẹ́ ká fojú yẹn wo ti Houston. Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń tà fún ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà, fóltì 120 ló ń jẹ. Tiwa níbí, 230 ni. Tí ẹ bá kì í bọ ara ògiri bẹ́ẹ̀, òórùn jíjóná rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ ó ra tiránsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀, tí agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ náà lọ dáadáa. Ká ní wáàtì 800 ni ẹ̀rọ náà ń lò, iye tó wọ́pọ̀ lára wọn. Ẹ sọ ọ́ di ogún wákàtí: bó bá ń jó láìsinmi, yúnítì 16 ló máa jẹ lórí mítà fún ẹja ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lóòótọ́, ó máa ń pa ara rẹ̀ tí ooru bá ti pé, tó bá tún yá á tan, nítorí náà kò ní jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá iná ìlà yín ń dúró fún ogún wákàtí. Tí wọ́n bá mú un lọ láago méjì òru nígbà tí ẹja ṣì rọ̀ nínú, á wà ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárín dígírì 5 sí 60 ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i lára oúnjẹ, inú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n sì ti ń yára jù. Kẹ́ ẹ tó jí, ẹja ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ẹran lè rọ̀ kó sì lómi ni wọ́n ṣe ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré gan-an. Yíyan jẹ ni tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ èyí tó ń jẹ pẹ́lẹ́ẹ̀tì igi, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di kóró wẹ́wẹ́, ló ní lọ́kàn, ìyẹn tún fẹ́ iná fún fáànù àti fún irin tó ń ti igi wọlé, ẹ ó sì máa wá pẹ́lẹ́ẹ̀tì kiri títí. Ẹ má tíì kọ ẹ̀bùn yẹn ṣá o. Mo ní nǹkan míì tó lè rà, màá dé ibẹ̀.

Kí n tó sọ ti àgbá àti ti èyí tó ń dán, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọ̀rá.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi, àgbá ni. Jórinjórin kan ló là á sí méjì ní ìbú fún mi, ó fi ìdè sí i, ó ta wáyà sí i láàárín. Èédú nísàlẹ̀, ẹran lókè, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ọjọ́ kejì ọdún Kérésì ni. Mo to itan tọlọtọlọ méjìlá lé e, mo dé e, mo lọ wẹ̀. Kí n tó jáde, èéfín tó ń rú funfun tẹ́lẹ̀ ti dúdú. Mo ṣí ìdérí, ọ̀rá ń kán tó, tó, tó sórí èédú, gbogbo ibi tó bá kán sí ń gbiná ṣìì, ahọ́n iná sì ń lá ìsàlẹ̀ ẹran. Awọ tó yẹ kó pọ́n bí obì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi èékánná ha ọ̀kan, ohun dúdú kan tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà wá sábẹ́ èékánná mi. Mo fi ọ̀bẹ là á dé eegun, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mi ò ní purọ́, a ò dà á nù. A ha á, a fọ̀ ọ́, a sè é lọ́bẹ̀. Ọbẹ̀ náà korò, àwọn ọmọ sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Kíkorò yẹn gan-an kọ́ lọ̀rọ̀. Ọ̀rá tó bá kán sórí iná á jó, èéfín rẹ̀ á sì gbé àwọn ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PAH gòkè padà wá, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara ẹran. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n jù nínú wọn ni benzo[a]pyrene. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ọ̀pọ̀ jù lọ ẹran àti ẹja tí wọ́n fi èéfín yan kò gbọdọ̀ ní ju máíkírógíráàmù 2 rẹ̀ lọ nínú kílò kan. 5 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Òfin tiwọn ni, àmọ́ ẹ̀dọ̀ àti ìfun tiwọn àti tiwa ò yàtọ̀. Igi tó ń jó tó ń rú èéfín dúdú máa ń mú wọn wá náà, ṣùgbọ́n ọ̀rá lórí iná ni ẹ̀rọ lè dènà.

Ìtàn kíìnì fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti gbé ààrò Chorkor jáde ní Gánà. Àdúgbò àwọn apẹja ní Accra ló ń jẹ́ Chorkor. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ni ara rẹ̀, pẹpẹ onígi tó ní wáyà nínú ni wọ́n ń tò léra wọn sórí rẹ̀. Ó dín igi ìdáná kù, ó dín ìnira àwọn obìnrin kù, ó sì tàn ká etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ẹja gan-an ni iná rẹ̀ wà. Nígbà tí FAO, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ àwọn apẹja kan ní Thiaroye, ní Senegal, wá jókòó tún un ṣe, lára ohun tó ṣe pàtàkì jù tí wọ́n fi kún un ni àwo tó ń gba ọ̀rá láàárín iná àti ẹja, àti ibi ọ̀tọ̀ tí èéfín ti ń wá nígbà tí ẹja bá ti jinná. FTT ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó, gbogbo ìmọ̀ yẹn, àwo ló parí sí!

Nítorí náà, ẹni yòówù tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín, ẹ má kọ́kọ́ bi í ní iye kílò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi ìka tọ ojú ọ̀nà tí ẹ̀kán ọ̀rá kan máa gbà láti pẹpẹ òkè títí dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ orí èédú ló bọ́ sí, ẹ pa ilẹ̀kùn náà dé, ẹ kí ọlọ́jà, ẹ máa lọ.

Kíìnì tó ń dán gbinrin yẹn ńkọ́? Ó lè dáa o, mi ò rí i. Àmọ́ àádọ́ta kílò yẹn, ẹja tútù ni wọ́n ń kà, nígbà tí gbogbo pẹpẹ bá kún fọ́fọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Ẹja àrọ̀ tí ẹ ká, tí ẹ fi ìgbálẹ̀ gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, fẹ̀ tó ìwọ̀n àwo ife tíì. Pẹpẹ tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà tó sì fẹ̀ ní 45 á gba bíi méjìlá. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá tó 400 gíráàmù, ó ń sún mọ́ kílò márùn-ún lórí pẹpẹ kan. Pẹpẹ mẹ́ta tó fún ilé ẹlẹ́ni méje, kódà tí ẹ bá ń fún àwọn ará ilé ọkọ yín ní díẹ̀. Kíìnì ńlá tí ẹ fi ẹja díẹ̀ sínú rẹ̀ ń jẹ èédú bí ẹni pé ó kún.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ wò ó, ẹ wá sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ yọ òòfà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi sínú báàgì. Irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n ń pè ní 304, òòfà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Bó bá mú un pinpin, irin lásán tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn ni, tàbí oríṣi irin sítéńlẹ́ẹ̀sì tí kò wọ́n tó 304. Kò burú tí ẹ bá rà á, kẹ́ ẹ ṣáà má san owó 304 fún un. Ọ̀dà inú ni kẹ́ ẹ sá fún. Inú kíìnì kò gbọdọ̀ ní ọ̀dà rárá. Páánù tí wọ́n fi síńkì bò, irú èyí tí wọ́n fi ń kan òrùlé, kò yẹ kó wà níbi tí iná ti ń jó tàbí níbi tí ẹran ti ń kan án. Ohun míì: láàárín awọ irin méjì ni wọ́n ń ki òwú gíláàsì sí kí ooru má bàa jáde. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú, ẹ wo gbogbo oríkèé àti igun. Kí wọ́n ti jó o pa pátápátá, kò gbọdọ̀ sí ihò tí èékánná lè wọ̀. Mo ti rí ẹja tó jáde nínú irú kíìnì bẹ́ẹ̀ tó ń ta wínníwínní lójú oòrùn, òwú ni. Táyà rẹ̀, gíláàsì ojú ilẹ̀kùn rẹ̀, ìyẹn ò kàn mí.

Ti àgbá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó le. Ẹ bi jórinjórin yín léèrè ohun tó wà nínú àgbá náà rí. Bó bá jẹ́ òróró ẹ̀pà, kò burú. Bó bá jẹ́ kẹ́míkà, oògùn oko, tàbí ohun tí kò lè sọ, ẹ gbàgbé ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ bẹntiróòlù, kó má tilẹ̀ fi iná kàn án: afẹ́fẹ́ epo tó ṣẹ́ kù nínú àgbá tó dà bí òfìfo lè bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́. Àgbá tó mọ́, tí wọ́n jó iná rẹ̀ pa nínú fún wákàtí mélòó kan kí ọ̀dà rẹ̀ lè jóná kúrò, tí wọ́n sì gbé àwo ọ̀rá sí láàárín iná àti wáyà, ó dáa fún adìyẹ ọdún. Mo ṣì ń lo ọ̀kan. Fún ẹja yíyan pamọ́, ó kéré, ó ń gbóná lójú kan ju òmíràn lọ, ẹ ó sì máa jí lóru láti yí ẹja padà.

Ohun tí èmi á ṣe bí mo bá wà ní ipò yín nìyí. Màá ní kí jórinjórin náà, ìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, ṣe àpótí kékeré kan fún mi. Kó ga tó àyà obìnrin. Pẹpẹ mẹ́ta, tó gùn ní 60 tó fẹ̀ ní 45, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó 15 sẹ̀ǹtímítà kí ẹja tí a ká má bàa kan ti òkè. Wáyà pẹpẹ ni kí ẹ náwó sí, nítorí òun ló ń kan oúnjẹ: ìyẹn ni kẹ́ ẹ ra sítéńlẹ́ẹ̀sì gidi sí, kódà bí ara àpótí bá jẹ́ irin dúdú. Kí àpótí iná jẹ́ dúrọ́ọ̀ tí a lè fà jáde láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lè fi èédú kún un láìṣí ilẹ̀kùn ẹja. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ẹja ni ooru ń sá lọ.

Lókè iná, kó tó kan pẹpẹ ìsàlẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn. Èyí ni ẹ máa dúró tì í lórí bó ṣe ń ṣe é, torí ó lè fẹ́ fò ó. Kó má fẹ̀ dé ara ògiri àpótí, kó ku nǹkan bíi ìka mẹ́rin lápá ọ̀tún àti lápá òsì kí ooru máa gba ibẹ̀ gòkè. Kí etí rẹ̀ yí sókè bí ti àwo, kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ lápá ẹ̀yìn, kí páìpù kékeré kan jáde láti ibi tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀ dé ìta. Ẹ gbé agolo mílíìkì kọ́ ẹnu páìpù náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá yan tọlọtọlọ, ẹ wo agolo yẹn lẹ́yìn wákàtí méjì. Gbogbo ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ni ì bá ti jó padà sára ẹran yín. Bí pẹpẹ ìsàlẹ̀ bá ga díẹ̀ sí irin pẹlẹbẹ yẹn, ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni kó súnmọ́ irin yẹn jù, nítorí irin náà máa ń gbóná gan-an. Àlàfo tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan dára.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú afẹ́fẹ́. Ihò mẹ́ta nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, pẹ̀lú irin tó ń tì í tó ń ṣí i. Páìpù èéfín lókè, tó ní ìdérí tó ń yí àti fìlà kékeré fún òjò. Tí ẹ bá ń yan ẹja pamọ́, ẹ ṣí ti òkè sílẹ̀ gbayawu kí omi máa jáde. Tí ẹ bá ń yan adìyẹ jẹ, ẹ tì í kù díẹ̀. Kò yẹ kí iná pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti ẹja o. Ooru tó bá le jù ní wákàtí àkọ́kọ́ á mú awọ le, omi á há sínú, ẹja á dà bí èyí tó gbẹ lóde, á wá bu lára eegun lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ fi í sí bíi 50 sí 60 dígírì títí ojú awọ á fi gbẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e lọ sí 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó jinná, kẹ́ ẹ tún dín in kù kó máa gbẹ lọ. Lásìkò ọyẹ́, ó ń yá. Lóṣù kẹjọ, ẹ ní sùúrù.

Kí ẹ tó kó owó tó kù fún jórinjórin, ẹ rìn lọ wo ti ìjọba náà. NSPRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko, wà ní Ìlọrin, kò jìnnà sí yín rárá, wọ́n sì ti ń ṣe kíìnì ẹja. Bí ẹ kò tilẹ̀ rà tiwọn, ẹ ó rí bí nǹkan ṣe yẹ kó rí, ojú yín á sì là kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà.

Ọjọ́ tí ó bá gbé e dé, ẹ má tíì fi ẹja sí i. Ẹ dá iná sí i lófìfo, kó gbóná janjan fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí epo ọwọ́ jórinjórin àti eruku irin jóná kúrò. Ẹ wo ibi tí èéfín ti ń yọ yàtọ̀ sí páìpù. Nígbà tó bá rọlẹ̀ sí bíi 150 dígírì, ẹ gé búrẹ́dì sí pẹlẹbẹ, ẹ tò ó káàkiri pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ kó wọn jáde ní bí ẹ ṣe tò wọ́n. Èyí tó pọ́n jù ló ń sọ ibi tí ooru ti pọ̀ jù fún yín. Bí igun ẹ̀yìn lápá òsì bá dúdú nígbà tí ti iwájú ṣì funfun, irin pẹlẹbẹ yẹn ló wọ́, ẹ dá a padà fún un kó tò ó. Búrẹ́dì tó pọ́n níwọ̀nba, kí àwọn ìbejì fi mu tíì.

Ti igi: igi líle tó ti gbẹ dáadáa, igi àyin bí ẹ bá rí i, igi máńgòrò, igi ọsàn. Èédú ni kẹ́ ẹ fi ṣe ooru, kẹ́ ẹ wá fi igi díẹ̀díẹ̀ lé e fún èéfín àti òórùn dídùn, kó má rú ju wákàtí kan sí méjì lọ. Ẹ má lo dóńgóyárò, ó ń korò. Ẹ má lo èèpo kóró kajú, epo inú rẹ̀ ń bó èèyàn lára, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú àti ọ̀fun. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ilé ìlagi, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ò mọ oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò nínú pákó yẹn. Ẹni tó bá fi nàílọ́ọ̀nù tàbí táyà dá iná sábẹ́ oúnjẹ, mi ò mọ ohun tí mo lè bá a sọ. Mo tún ń bẹ̀ yín, ẹ má ra èédú tí wọ́n fi igi òrí ṣe bí ẹ bá lè mọ̀ ọ́n. Igi yẹn ń pẹ́ kó tó so, wọ́n sì ti ń gé e run lápá ọ̀dọ̀ wa.

Ó wá ku àbúrò ọkọ yín ní Houston. Ẹ ní kó fi àpótí oníná yẹn sílẹ̀, kó ra tẹmómítà tó ní wáyà gígùn àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún bọ ẹran. Ó fúyẹ́ bí fóònù, bátìrì rédíò ló ń lò. Èyí tí wọ́n ń jó mọ́ ojú ilẹ̀kùn kíìnì, ooru ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń kà, kì í ṣe ti ẹran. Ẹ gún tiyín bọ ibi tó nípọn jù ní itan tọlọtọlọ, kó má kan eegun, ẹ ti ilẹ̀kùn. Tó bá pé 74, ó ti jinná, bí awọ rẹ̀ ì báà pọ́n tàbí kó má pọ́n. Ìgbà tó bá kọ́kọ́ dé, ẹ kì í bọ omi tó ń hó yaya: ní Ògbómọ̀ṣọ́, bíi 99 ló yẹ kó kà, torí ìlú wa ga díẹ̀ ju etíkun lọ. Bó bá ka 93, ẹ ó máa fi mẹ́fà kún un títí ayé rẹ̀.

Ẹ ní kó fi méjì ránṣẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní, ọ̀sẹ̀ kejì ni ilẹ̀kùn gé wáyà rẹ̀.